Gẹ̀ẹ́sì Ojoojúmọ́ àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ń Tan Ni Jẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à ń bá pàdé lójoojúmọ́: lára ìgò oògùn, nínú lẹ́tà ilé ìfowópamọ́, lẹ́nu akọ̀wé, àti lójú fóònù tí ó wà nínú àpò wa. Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò ní àwọn olùkọ́ tirẹ̀. Èmi kò dá sí i.

Bí òyìnbó kan bá ń kọ́ èdè Yorùbá, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé ọba wàjà, bí ó bá mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gbójú sókè wo àjà ilé, yóò máa wá ibi tí kábíyèsí gbà gòkè. Bí a bá sọ fún un pé inú wa bàjẹ́, oògùn inú rírun ni yóò lọ rà wá. Àwa tí a bí sínú èdè náà kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé odidi gbólóhùn ni a gbà lẹ́nu àwọn òbí wa, a kò gbà á ní ẹyọ ẹyọ. Bákan náà ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa kó ẹgbẹ́ rìn. Bí ó bá sì ti pààrọ̀ ẹgbẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé "put" yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ó jẹ́ kí a fi nǹkan sí ibì kan. Bí a bá fi "out" tẹ̀ lé e, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti iná, a ní kí a pa iná náà ni. Bí a bá fi "on" tẹ̀ lé e, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ti aṣọ, a ní kí a wọ̀ ọ́ ni. "Put up with" ni kí a fara da ìwà ẹlòmíràn. Bí lẹ́tà bá sì dé láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ pé a ti "put off" ìpàdé di Ọjọ́bọ̀, wọ́n sún un síwájú ni; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ pé a ti "call off" ìpàdé náà, wọ́n ti fagi lé e, kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó ọkọ̀ lọ síbẹ̀.

Àwọn òyìnbó ní àkànlò èdè bí a ti ní i. Ẹni tí wọ́n bá ní ó wà "under the weather", ara rẹ̀ kò yá ni. Bí wọ́n bá ní ó ń rọ "cats and dogs", òjò ńlá ni. Kò sí ológbò, kò sì sí ajá níbẹ̀. Síbẹ̀, mímọ ìtumọ̀ kò tó, a ní láti mọ ibi tí ó yẹ. "Kick the bucket" túmọ̀ sí pé ènìyàn kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ti fi olóògbé ṣe yẹ̀yẹ́. "Pass away" ni ó súnmọ́ papòdà tiwa. Bákan náà ni "late": bí ẹ bá sọ fún òyìnbó ní ìlú rẹ̀ pé bàbá yín "is late", yóò rò pé bàbá pẹ́ lójú ọ̀nà ni, yóò sì jókòó dè wọ́n. "My late father" ni kí ẹ wí.

Ọ̀pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ láàrin ara wa, Yorùbá ni a wọ̀ láṣọ Gẹ̀ẹ́sì. A ń fi "sorry" ṣe pẹ̀lẹ́ fún ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ, òyìnbó a sì dáhùn pé ẹ̀bi yín kọ́. A ń jáde lọ, a sì ń wí pé "I'm coming", nítorí pé mo ń bọ̀ ni ó wà lọ́kàn wa. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí a bá gbọ́ ara wa yé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi àgbà rẹ́rìn-ín nítorí irú rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Kí ẹni tí ń lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣáà mọ̀ pé wọn kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí àti ti owó ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jùlọ. Bí ọmọ bá mú èsì ìdánwò wálé tí a kọ "outstanding" sí i, ẹ pa adìẹ fún un, nítorí pé ó ta yọ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ bá ní "outstanding" kan wà lọ́rùn yín, gbèsè tí ó kù ni, kò sí ìyìn nínú rẹ̀. "Interest" lè jẹ́ ìfẹ́ tí a ní sí nǹkan. Nínú ìwé owó yíyá, èlé ni, kí ẹ sì béèrè iye rẹ̀ lóṣù àti lọ́dún.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí "in" bá ṣáájú ọ̀rọ̀, ó sábà máa ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: "correct" ni ohun tí ó tọ̀nà, "incorrect" ni èyí tí kò tọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tí ó mọ̀ pé "flammable" ni ohun tí iná lè ràn lè rò pé "inflammable" ni èyí tí iná kò lè ràn. Irọ́ gbáà ni. Ìtumọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Bí ẹ bá rí i lára ọkọ̀ epo bẹntiróòlù tàbí lára agolo, kí ẹni tí ń mu sìgá jìnnà síbẹ̀. Bí ẹ bá rí "for external use only" lára ìgò oògùn, ara ni a ń fi í pa, kò gbọdọ̀ kan ẹnu. "On an empty stomach" ni pé kí a lo oògùn náà kí a tó jẹun. Kò ní kí a gbààwẹ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe kọ́ ọ? Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ odidi gbólóhùn tí ẹ ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó dára fún iṣẹ́ yìí ni ti A. S. Hornby, òyìnbó tí ó ń kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí ìyà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń jẹ, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì sì ṣe ìwé kan tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní Tokyo ní 1942, tí ilé ìtẹ̀wé Oxford sì gbé jáde ní 1948. Wọ́n ń tún un tẹ̀ títí di òní. Ẹ má ṣe dúró lórí ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ìtumọ̀ ní Yorùbá yóò dí Gẹ̀ẹ́sì yín lọ́wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé pẹ̀lú, tí wọ́n ń ko Gẹ̀ẹ́sì líle jọ síwájú àgbẹ̀. Òfin kan wà láti ayé àwọn òyìnbó tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà tàbí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, ẹ̀rí sì ni èyí pé ó ti kà á sí i létí, ó sì ti ṣe àlàyé rẹ̀, kí ó tó tẹ ìka. Bí akọ̀wé bá gbé ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé owó yíyá síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.