Èló ni Ilé Yìí Tó?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀, nítorí kò sí ẹni tí í gbàdúrà pé kí ilé òun tú. Ṣùgbọ́n bí tọkọtaya tí ó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba bá lọ kọ ara wọn ní ilé ẹjọ́ gíga, òfin ọdún 1970 fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ bí a ó ti ṣe ohun ìní wọn, bí ó bá ti tọ́ sí àwọn méjèèjì àti àwọn ọmọ wọn. Bí ilé bá wà níbẹ̀, a ó béèrè pé: èló ni ilé náà tó?

Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń le. Ọkọ a kó rìsíìtì sìmẹ́ńtì àti páànù jáde, a ní, “Ohun tí mo ná nìyí.” Ìyàwó a ní kí wọ́n fi wé ilé tí wọ́n tà ní òpópónà kejì. Ti ìyàwó ni ó sún mọ́ òótọ́. Iye ilé kì í ṣe owó tí a fi kọ́ ọ; iye tí ẹni tí ó fẹ́ rà á, tí a kò fi ipá mú, yóò san lónìí ni.

Iṣẹ́ adíyelé ni èyí. Ẹ má ṣe pè é ní awọnlẹ̀ o. Awọnlẹ̀ ni ó ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Adíyelé a wọ inú ilé lọ, a wọn yàrá, a wo òrùlé bóyá ó ń jò, a wo ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà débẹ̀, a sì béèrè ìwé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, a wá àwọn ilé tí ó jọ ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà ní àdúgbò. Bí ó bá jẹ́ ilé tí ayálégbé ń gbé, a ṣírò owó ilé ọdọọdún. Òfin ọdún 1975 gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ń fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ bá mi ṣírò èyí. Bí a bá díye lé ilé kan ní mílíọ̀nù 40 náírà, tí gbèsè báńkì orí rẹ̀ ṣẹ́ku mílíọ̀nù 12, èló ni ó kù? Mílíọ̀nù 28 ni. Òun ni a ń sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe 40.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tíì da rìsíìtì nù. Kò lè sọ iye ilé, ṣùgbọ́n ó lè sọ ẹni tí ó dáwó. Ní ọdún 1992, ẹjọ́ ìyàwó kan tí ó ní òun fi owó kún kíkọ́ ilé dé iwájú ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Àwọn adájọ́ ní kò ṣàlàyé ohun tí ó mú wá àti bí ó ti pọ̀ tó, ó sì pàdánù. Ìyá mélòó ni ó ti fi èrè ọjà ra pákó, tí ó ń se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà, tí kò sì ní ìwé kan lọ́wọ́? Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ra pákó lọ́la, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín sórí rìsíìtì.