Wọ́n fagi lé ìrìnàjò bàálù yín? Ẹ gba owó yín

Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ bá gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sí Àbújá nítorí iṣẹ́ tí wọ́n pè yín fún. Ẹ jí láago mẹ́rin ìdájí, ẹ sáré dé pápákọ̀ òfuurufú n'Íkẹjà, wọ́n wá ní àwọn ti fagi lé ìrìnàjò náà. Ẹ béèrè owó yín, ẹni tó wà ní káńtà ní àfi kí ẹ mú ọjọ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń rọra yí padà lọ sílé. Ẹ má lọ.

Òfin wà. NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Part 19, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Tí ilé-iṣẹ́ bàálù bá fagi lé ìrìnàjò, ọwọ́ yín ni yíyàn wà: ẹ lè gba owó yín padà, ẹ sì lè ní kí wọ́n wá bàálù mìíràn gbé yín. Tó bá jẹ́ ìrìnàjò abẹ́lé, tó sì jẹ́ owó lọ́wọ́ lẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n dá a padà. Tó bá jẹ́ káàdì tàbí orí ayélujára, ọjọ́ 14 ni.

Ẹ má da nǹkan méjì pọ̀ o. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yín wà lọ́tọ̀, owó gbà-má-bìínú wà lọ́tọ̀. Ó kéré tán, gbà-má-bìínú jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ìrìnàjò abẹ́lé, ìdá 30 fún ti òkè òkun. Tí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ₦120,000, ₦30,000 nìyẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ fún yín ní wákàtí 24 ṣáájú ìrìnàjò abẹ́lé, tàbí tó jẹ́ kùrukùru ọyẹ́ ló dí ojú ọ̀run, wọ́n lè má san gbà-má-bìínú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọyẹ́ kì í jẹ owó. Ẹ gbà á.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo? Ẹ rántí Dana Air. Ní April 2024, bàálù wọn kan yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní pápákọ̀ Èkó, ìjọba sì dá gbogbo bàálù wọn dúró. Nígbà tó fi máa di July 2025, Mínísítà Festus Keyamo ṣì ń pàṣẹ pé kí wọ́n ta dúkìá ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè rí owó àwọn èrò san. Owó tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbígbà rẹ̀ a máa nira.

Nítorí náà, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín: tíkẹ́ẹ̀tì, rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi sọ pé àwọn fagi lé e. Tó bá jẹ́ owó lẹ fẹ́, ẹ má tẹ ibi tí wọ́n kọ "reschedule" sí. Ẹ kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ kó ẹ̀rí yín lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbèjà èrò ní pápákọ̀. Nínú gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sọ́dọ̀ NCAA àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ti sanwó fún agbẹjọ́rò, ẹ pè é.

Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni jà ní káńtà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ọ̀rọ̀ wọn ní àkọsílẹ̀.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra àtirìnrìn-àjò. Ó dìgbà kan ná.