Ta Ni Yóò Ya Àwòrán Ìlú Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú

  

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti ètò ìlú, èrò mi àkọ́kọ́ ni láti kọ̀. Tíṣà ni mí. N kì í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ìṣirò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó títí, mo rí i pé ìṣirò yìí gan-an ni ó mú ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Nítorí náà, ilé ara mi ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹlòmíràn ni mo wá bá wí.

Ní ọdún 2009, ẹbí wa ní oko kòkó éékà mẹ́sàn-án ní apá ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gbà kọjá. Bàbá bàbá mi ni ó gbin kòkó náà. Igi ti darúgbó, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, èso tí a ń ká kò tó owó tí a fi ń ro oko. Àwọn oníbàárà sì ń ti Ìbàdàn wá lójoojúmọ́, wọ́n ń béèrè pulọ́ọ̀tì. A pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan. Ó wọn ilẹ̀ náà, ó sì ya àwòrán rẹ̀ fún wa: ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì lè gbà pàdé ara wọn, ojú àgbàrá, àti àyè létí odò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Ó ní bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ni yóò jáde nínú éékà kan. Gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 54.

Bàbá tí ó jẹ́ olórí ẹbí wa wò mí, wọ́n ní, "Tíṣà, bá wa ṣírò rẹ̀ wò." Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sára ògiri. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560. Pulọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ sí 100 ẹsẹ̀ jẹ́ 5,000. Mo pín in, ó fún wa ní mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 72. Inú gbogbo ilé dùn. Pulọ́ọ̀tì 18 tí ọkùnrin náà fẹ́ fi ṣòfò ti padà sọ́wọ́ wa. A san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, a kí i pé ó ṣeun, a sì ju àwòrán rẹ̀ sí orí àjà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé owó fún àwọn tí wọ́n ra ilẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo pín lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ni.

Ní ìgbà òjò ọdún 2019, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀ rọbí lóru. Ọmọ tí mo kọ́ ní ilé-ìwé ni ọkọ rẹ̀. Ó pe ọkọ̀. Ọkọ̀ dé, ó dúró níbi tí ilé àkọ́kọ́ ti dí ọ̀nà. Láti ibẹ̀ dé ilé rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni, odò tí a kọ́lé sí ojú rẹ̀ sì ti kún bo ọ̀nà ẹsẹ̀ náà. Ilẹ̀kùn ni wọ́n yọ lára ilé tí wọ́n fi gbé obìnrin náà la omi kọjá. Ìyá yè, ọmọ kò yè. Ọkùnrin náà ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí mi títí di òní. N kò tíì lè bi í bóyá ó mọ̀ pé èmi ni mo ṣe ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀, kí n sọ ohun tí òfin wí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ilẹ̀ ẹbí, ti ẹbí ni, a sì lè ṣe é bí ó ti wù wá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láyé àwọn baba wa, ṣùgbọ́n òfin ti kọjá ibẹ̀. Láti ọdún 1946, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa, ni òfin ètò ìlú tí ó kárí Nàìjíríà ti wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, èyí tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ Gómìnà, ilẹ̀ ìgbèríko wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ fún àǹfààní ìlú, ó lè gbà á. Owó gbà-má-bínú tí yóò san sì jẹ́ ti ilé àti irè oko tí ó wà lórí ilẹ̀, kì í ṣe iye tí a ń ta ilẹ̀ náà lọ́jà. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé igbó lásán ni ó ní, kò ní ohun púpọ̀ láti gbà.

Òfin mìíràn lórí ètò ìlú jáde ní 1992, ó sì pín iṣẹ́ náà sí ipele mẹ́ta: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí ó wà láàárín ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀, ó ní ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé kì í ṣe Abuja ni yóò sọ ibi tí ọjà yóò wà ní Àpòmù tàbí ibi tí ilé-ìwé yóò wà ní Ìkirè. Òṣogbo ni, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí ó wà nítòsí wa níbí, àwọn tí ará ọjà ń pè ní táwùn-pílánínì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ mọ́ wọn ni pé wọ́n ń fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri. Bí wọ́n bá ń bọ̀, a ó ti ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá lọ, a ó máa bá iṣẹ́ kíkọ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun kan wà nínú òfin 1992 náà tí n óò fẹ́ kí a há sórí. Kí àwòrán ètò ìlú tó di èyí tí a ń fi ọwọ́ òfin mú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ará ìlú wò ó, kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn sì kọ̀wé wá sọ ohun tí ó rí sí i. Ní 2014, àjọ UN-Habitat ti àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé àti ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣe ìwé ètò fún àwọn ìlú ńlá kan ní Ọ̀ṣun, Òṣogbo wà lára wọn, èyí tí ó wo iwájú títí di ọdún 2033. Kí ẹni tí ó ti ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà rí nínú gbọ̀ngàn yìí na ọwọ́ sókè. Èmi náà kò lè na tèmi, nítorí ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé irú rẹ̀ wà.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó sí àwọn tí a ya àwòrán ìlú wọn láìsí wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn àrùn tí eku ń kó ràn ènìyàn, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú náà ṣe. Láti 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé agbo-ilé ní àárín erékùṣù Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ dára, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ń tajà níwájú ilé kò rí oníbàárà mọ́, àwọn arúgbó sì jìnnà sí ọmọ àti ìbátan tí ń bọ́ wọn. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Maroko palẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a lé jáde níbẹ̀, ìkìlọ̀ tí wọ́n sì rí gbà kò ju ti ọjọ́ díẹ̀ lọ. Lónìí, ilé àwọn ọlọ́lá ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. N kò sọ pé irú rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa. Mo ń sọ pé ẹni tí kò ní àwòrán tirẹ̀ kò ní ohun tí yóò nà sókè nígbà tí a bá gbé ti ẹlòmíràn dé.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé òfin wọn ti wí láti 1947 pé ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ ilé tuntun tàbí kí ó sọ ilé ìgbé di ilé ìtajà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ káńsù. Wọn a lẹ ìwé mọ́ òpó iná ní àdúgbò, àwọn aládùúgbò a sì kọ tiwọn ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí ní àgbègbè Prince George's, ìgbìmọ̀ ètò ìlú wọn ti wà láti 1927. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ilẹ̀ oko di ilẹ̀ ìtajà yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá síta gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lóhùn a fi orúkọ sílẹ̀, wọn a sì fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ wa tí kò jẹ́ fi odi rẹ̀ wọ ojú ọ̀nà ní Maryland ni yóò fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí a mọ odi yí ilẹ̀ òun ká, àgbàrá ìbáà gba àárín rẹ̀ kọjá. Kì í ṣe pé ó burú. Àwa tí a wà nílé ni a kò sọ fún un pé àgbàrá wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwa tún ní ẹsẹ̀ méjì. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so Ìkirè àti Àpòmù pọ̀, ṣùgbọ́n Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìṣọ̀kan. Nítorí náà, ọ́fíìsì méjì ni ó ń ṣe ètò ilẹ̀ kan. Omi òjò kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Ibi tí a bá dí i ní apá kan, apá kejì ni yóò wọlé sí. Àwọn tí wọ́n ti ka ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí a tẹ̀ ní 1921, mọ̀ pé ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láyé àtijọ́, àti pé jíjí ènìyàn gbé ní ọjà náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé kì í ṣe ibi tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ láìní olùtọ́jú.

Lónìí, ọ̀nà márosẹ̀ ni ọjà wa. Òfin ya mítà 45.72 sọ́tọ̀ láti àárín ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ a ń ta inú rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ilé epo ń rí àyè, ilé ìjọsìn ń rí àyè, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Ìkirè ń rí àyè. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tí ń ta dòdò Ìkirè, tí orúkọ ìlú wa ti ọwọ́ wọn dé ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò dé, ẹ̀bá títì ni wọ́n ti ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ pẹ̀lú igbá lórí. Nínú gbogbo pulọ́ọ̀tì tí a ti gé, ta ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wọn?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn láti ìlú méjèèjì, kí a má sì gbàgbé Ìkòyí tí ó jẹ́ aládùúgbò wa. Kí àwọn olórí ẹbí bá wọn rìn yí ilẹ̀ tí a kò tíì gé ká, kí wọn ya ojú odò, ojú ọ̀nà, ilẹ̀ ilé-ìwé, ilẹ̀ ọjà àti ibi ìsìnkú sọ́tọ̀. Kí a sanwó fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan láti fi í sórí ìwé, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì méjèèjì àti ní Òṣogbo, kí ọjọ́ tó dé tí wọn yóò tẹ́ tiwọn sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó èyí tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, bí Alága yóò bá gbà mí láyè láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹbí wa, nínú pulọ́ọ̀tì 72 wọ̀nyẹn, mẹ́rin ṣì wà tí a kò tíì kọ́lé sí, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn láti ẹ̀bá títì wọ inú lọ. Méjì wà lọ́wọ́ wa. A ti jókòó lé e lórí, kò rọrùn, ṣùgbọ́n a ti yọ̀ǹda wọn fún ọ̀nà. Méjì yòókù jẹ́ ti ọmọ ìlú yìí kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti mọ odi yí wọn ká. Mo ti kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mejì, n kò tíì rí èsì. A óò tẹ ọ̀rọ̀ mi yìí sínú ìwé ọdún wa, yóò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò mi, owó tí o san, èmi ni mo kọ ìwé rẹ̀. N óò dá a padà fún ọ díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù mi. Ṣáà jẹ́ kí a wó odi náà kí òjò tó tún dé.

Àwòrán tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yà fún wa ní 2009 ṣì wà. Ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà inú rẹ̀ ṣì hàn. Mo gbé e wá. Ó wà lórí tábìlì Akọ̀wé fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.