Góòlù Àtijọ́ àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Gbájúẹ̀

  

Ohun tí ìgbìmọ̀ ní ká bá yín sọ ni bí èèyàn ṣe lè fi owó kékeré ra kọ́ìnì góòlù àtijọ́ kó má bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní ta ló ń ra kọ́ìnì góòlù ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí owó ata gan-an ti ń le. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi kó ìrẹsì sí ṣọ́ọ̀bù. Kó tó dé ibi tó ti fẹ́ rajà, ọkùnrin kan bá a ní ìsọ̀, aṣọ iṣẹ́ tó kún fún ẹrẹ̀ ló wọ̀. Ó ní àwọn ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni àwọn kan ìkòkò, kọ́ìnì góòlù ló wà nínú rẹ̀, òun ò sì fẹ́ kí onílẹ̀ gbọ́. Wọn ò tíì sọ ọ́ tán tí ọkùnrin kejì fi yà síbẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lọ, ó yẹ kọ́ìnì náà wò, ó pariwo pé góòlù ni, òun á rà á, ṣùgbọ́n owó ò sí lọ́wọ́ òun báyìí. Ìyá yìí ò fẹ́ kí ire bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kó gbogbo owó ìrẹsì sílẹ̀, ó gba mẹ́fà. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù, ìyẹn ò tiẹ̀ fi ásíìdì kàn án. Ó ní, “Màámi, ṣílè ni.” Ó ṣì ń san gbèsè yẹn, àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún un náà ń bá a san.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ṣílè yìí, torí òun ni wọ́n fi ń jẹ àwa ará ibí jù. Ìgbìmọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní West African Currency Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, ló ń pèsè owó tí àwa, Gold Coast tó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà ń ná. Fàdákà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ṣílè. Nígbà tí fàdákà wọ́n, láti 1920, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Idẹ yẹn pupa bí góòlù, tí èèyàn bá sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, á máa kọ mànà. Igi ọ̀pẹ wà lójú kan rẹ̀, “BRITISH WEST AFRICA” sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí owó Nàìjíríà fúnra rẹ̀ jáde ní 1959, púpọ̀ nínú wọn wọ inú àpótí àwọn ìyá àgbà. Ìgbìmọ̀ yẹn ò fi góòlù ṣe owó fún wa rí. Ẹni tó bá gbé kọ́ìnì olópẹ wá tó ní góòlù ni, ẹ bá a ṣeré, kó máa lọ.

A ò ní kí ẹ má ra góòlù o. Àwọn ìyá wa ò fi góòlù ṣeré rí. Ẹni tó lọ Mẹ́kà, òun ló ń mú bọ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, gbogbo wa la rí bí owó tí a tọ́jú ṣe dín lójú wa. Ní Oṣù Kẹwàá 2025, góòlù kọjá 4,000 dọ́là lórí áńsì kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi díẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ ò ṣe ohun tó burú. Ká ṣáà mọ ohun tí a ń rà.

Kọ́ìnì góòlù tí ẹ máa pàdé jù ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní sovereign. Orí ọba tàbí ọbabìnrin wà lójú kan. Lójú kejì, lára púpọ̀ nínú wọn, ọkùnrin kan wà lórí ẹṣin tó ń bá dírágónì jà. Káráàtì 22 ni. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.98, fífẹ̀ rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mìlímítà 22. Àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3.99, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19.3. Ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé ẹgbẹ́ yín. Góòlù wúwo ju idẹ lọ ní ìlọ́po méjì, nítorí náà sovereign tí wọ́n fi idẹ rọ, tó fẹ̀ tó sì nípọn bí ti gidi, ò ní wọn gíráàmù 4. Kó tó lè wọn 7.98, àfi kó nípọn jù tàbí kó fẹ̀ jù. Rúlà àti ìwọ̀n kékeré alábátìrì yóò tú àṣírí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ẹ̀gúsì lójoojúmọ́, ẹ mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í gbọ́ àdídùn ẹnu.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀ síbẹ̀, kó fi omi wò ó. Ẹ gbé ife omi lé orí ìwọ̀n, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so kọ́ìnì, ẹ rì í sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà tó bá yọ, ẹ fi pín ìwúwo rẹ̀ nígbà tó gbẹ. Sovereign gidi á yọ nǹkan bíi 0.45, ìdáhùn á sì sún mọ́ 17 tàbí 18. Ti idẹ á wà ní nǹkan bí 8. Tí ó bá ní òrùka tí wọ́n jó mọ́ ọn láti fi kọ́ ọrùn, ìwúwo á yí padà. Irú ìyẹn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù tí òun àti ẹni tó ń tà ò mọ ara wọn.

Mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ò tó o, idẹ àti bàbà náà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Fífi eyín gé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú eyín yín. Ẹ tún wo ara rẹ̀ dáadáa. Wọn kì í kọ 916 tàbí 22K sára sovereign. Èyí tí ẹ bá rí i lára rẹ̀, ẹnìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́. Kò sì sí sovereign tí wọ́n kọ ọdún 1940 sí 1950 sí lára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n rọ ayédèrú sovereign púpọ̀ ní Beirut ní Lẹ́bánónì, góòlù gidi ni wọ́n sì fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, torí kọ́ìnì náà ń tà ju góòlù inú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò gbọdọ̀ sanwó ìtàn. Ẹ má san àlékún torí wọ́n ní ọdún yìí ṣọ̀wọ́n tàbí ọba yìí ló ni ín. Iye góòlù inú rẹ̀ ni kí ẹ san, pẹ̀lú èrè díẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ wo iye áńsì kan lọ́jọ́ yẹn, ẹ fi 31.1 pín in, ẹ fi 7.32 sọ ọ́ di púpọ̀, ìyẹn góòlù tí kò ní àdàlú tó wà nínú sovereign kan. Tí áńsì bá jẹ́ 4,000 dọ́là, ẹ ó rí nǹkan bíi 940. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú 200 wá, ṣé àánú yín ló ń ṣe é ni? Bí ti gidi bá sì ni, ẹrù olè lè ni, ọlọ́pàá ò sì ní bi yín bí ẹ ṣe rà á pọ́ọ́kú tó.

Àbọ̀ sovereign sábà máa ń wọ́n díẹ̀ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n òun ló rọrùn fún ẹni tó ń dá àjọ. Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ṣí lọ lọ́la, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ ìwúwo àti káráàtì sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé: “Tí mo bá gbé e padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èló lo máa fi rà á lọ́wọ́ mi?” Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ yáa máa lọ. Owó tí ẹgbẹ́ yá yín fún ọjà, ọjà ni kí ẹ fi rà.

Ẹgbẹ́ ti ra ìwọ̀n kan, ó wà lọ́wọ́ akápò, a ò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ mú ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún un yín wá lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ mú ẹni tó fẹ́ tà á dání tó bá gbà láti wá. Ẹ rántí rúlà tiyín o, èyí tó wà níbẹ̀ ti kán.