Ojú Owó Kì í Ṣe Owó Ọbẹ̀

 

Ojú owó tá a fi ń se ọbẹ̀ àti owó èlé ló ń pa òwò wa. Mùrábáhà kì í ṣe èlé. Ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ ra àpò ẹ̀wà ní ₦60,000, ká tó tà á fún yín ní ₦64,000, kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ mọ èrè wa. Bó pẹ́, kò ní lé kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè ni o! Súrà Bàkárà, áyà 282, ní ká kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, kọ́mọ bá a kọ iye tó rà àti iye tó tà lálaalẹ́. Èrè nìkan ni ká jẹ.

Kí Ọlọ́run fi alubáríkà sí i. Àmín.