Fíúùsì Ló Jó, Bílẹ́ńdà Ò Bàjẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó)

  A mọ̀ pé òórùn ìrẹsì ti ń ta sánsán láti ẹ̀yìn, a ò ní pẹ́.

Ọ̀kan nínú wa tó ń dín àkàrà láàárọ̀ yá owó ẹgbẹ́, ó fi ra bílẹ́ńdà. Kò tíì san owó náà tán tí bílẹ́ńdà fi dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, tẹ̀wàtẹ̀wà. Iná wà nílé, gílóòbù ń tàn, bílẹ́ńdà ò mira. Ó gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún nǹkan ṣe. Ẹni yẹn ní kọ́ìlì ló jó, ó gbowó, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹta di ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdájí ni ìyá yìí ń ru ẹ̀wà lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta, kò sì rí owó oṣù yẹn san fún ẹgbẹ́. Nígbà tó gba bílẹ́ńdà rẹ̀ padà, kò tíì ṣiṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ló wá yẹ plọ́ọ̀gì wò. Fíúùsì lásán ló jó! Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín nìyẹn, torí nǹkan tí a bá fi owó ẹgbẹ́ rà, gbogbo wa la jọ ń ru ẹrù rẹ̀.

Kí ni fíúùsì? Wáyà tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀. Bí iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá bá ti ju bó ṣe yẹ lọ, wáyà náà á gbóná, á yọ́, á já, iná ò sì ní kọjá mọ́. Mẹ́gáàdì ni. Òun ló kú kí olè má baà wọlé. Àmọ́ àwa náà ńkọ́? A ó ya bébà sílífà inú páálí sìgá, a ó wé e mọ́ fíúùsì tó ti jó, a ó ní iná ti dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ wà níbí! Sílífà yẹn ò ní tètè já bọ̀rọ̀. Wáyà kẹ́tùlù ni yóò yọ́, tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ọ̀kan nínú wa jó dúdú títí iná fi mú kọ́tìnnì, Ọlọ́run ló ní kí ó má tíì sùn. Ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù wa ṣe fara kanra wọn, pákó àti náílọ́nù.

Tí nǹkan ìdáná bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Bí kò bá dáhùn síbẹ̀, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri pátápátá. Pé NEPA mú iná lọ kò tó o. (A ṣì ń pè é ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di PHCN ní 2005, tí àwọn aládàáni sì gbà á ní 2013.) Iná lè dé nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà níbẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta plọ́ọ̀gì, ẹ ó rí ilé kékeré tí fíúùsì ń gbé, ẹ fi ẹnu sìkírúdíráfà yọ ọ́. Tí kò bá sí ilé yẹn níta, ẹ tú plọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá wáyà kan ti já kúrò láyè rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ igi ló ń lọ sídìí fíúùsì, búlúù sí ìhà kejì, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti ìyeyè sí ẹsẹ̀ gígùn òkè.

Ojú kì í sábà mọ fíúùsì tó jó. Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì onírin, ẹ ṣí ìdérí ìdí rẹ̀, ẹ tan án. Ẹ fi orí fíúùsì kan kan ìdí bátìrì, kí orí kejì kan irin etí tọ́ọ̀ṣì níbi tí kò ní ọ̀dà. Tó bá tàn, fíúùsì ò jó. Tí kò bá tàn, ó ti lọ nìyẹn.

Èyí tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà wà lára fíúùsì: 3, 5, 13. Irú èyí tó jó ni kí ẹ rà, àfi tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti fi èyí tí kò yẹ síbẹ̀. Ẹ wo ìdí nǹkan náà, ẹ ó rí wọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fi 230 pín in. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orí pín owó àpò ìrẹsì sí kọ́ńgò, ìṣirò yìí ò lè le fún yín. Bílẹ́ńdà 350 wọ́ọ̀tì kò tó 2, fíúùsì 3 gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe òmíràn fi 5 sí i, torí mọ́tò máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Kẹ́tùlù 2,000 wọ́ọ̀tì sún mọ́ 9, ti 13 ló nílò. Ẹni tó bá fi 13 sí bílẹ́ńdà kékeré ti gba mẹ́gáàdì tó ń sùn.

Tí fíúùsì tuntun bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi òmíràn sí i. Àìsàn wà nínú wáyà tàbí mọ́tò. Ẹ yẹ ọrùn wáyà wò, ibi tó ti ń ká, kí ẹ tó wá oníná. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀wà gbígbẹ lẹ dà kún bílẹ́ńdà tó fi dákẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ti máíkírówéfù yàtọ̀ pátápátá: plọ́ọ̀gì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ má tú ara rẹ̀ láé, iná tó lè pa ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́.

Ẹsẹ̀ gígùn òkè yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń ṣí ìlẹ̀kùn ihò méjì ìsàlẹ̀, kí ọmọdé má baà ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Àwa wá ń fi bírò ṣí i kí plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ọmọ sì ń wò wá. Ní 1942, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ènìyàn 20 jọ láti gbìmọ̀ lórí iná ilé lẹ́yìn ogun. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Caroline Haslett, olùdarí ẹgbẹ́ obìnrin kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924 láti kọ́ àwọn obìnrin nípa iná. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 1944 ní ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ihò nítorí ọmọdé. Ní 1947 ni ìlànà plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde, tí àwa náà ń lò títí dòní. Ẹgbẹ́ obìnrin bíi tiwa yìí náà ni.

Ẹni tó bá mú plọ́ọ̀gì wá lónìí, kó máa bọ̀ nídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akápò. Fíúùsì 3 àti 13 wà níbẹ̀. Alákàrà wa ni yóò kọ́kọ́ ṣe é lójú gbogbo wa. Sìkírúdíráfà méjì péré la ní o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí kò bá tètè kàn yín.