Sinimá Mẹ́ta tí Kì í Sú Mi í Wò Nígbà Kérésìmesì
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn sinimá tí a ó wò ní gbọ̀ngàn wa nígbà ọdún, nítorí àwọn tí kò ní lè lọ sílé. Owó mọ́tò wọ́n, ọ̀nà sì jìn. N kò kàwé kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjà ni mo ń tà. Bí ọlọ́jà ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó wà nínú sinimá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkíní ni Miracle on 34th Street, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1947. Ilé ìtajà ńlá kan ní New York, Macy's, gba bàbá arúgbó kan síṣẹ́ láti máa ṣe Bàbá Kérésì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yin ọjà ilé náà fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ kan bá béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, bàbá yìí a júwe ṣọ́ọ̀bù mìíràn tí ó ti lè rí i rà. Ẹ̀rù ba ọ̀gá tí ó ń mójútó o, àfi bí àwọn ìyá ṣe ń wá dúpẹ́, tí wọ́n ní ibi tí a ti ń sọ òótọ́ ni àwọn yóò máa rà. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ wò ó dáadáa. Oníbàárà tí a bá fi òótọ́ júwe ọ̀nà fún, yóò padà wá.

Èkejì ni Scrooge, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951 láti inú ìwé tí Charles Dickens tẹ̀ jáde ní 1843. Alastair Sim ni ó ṣe ahun olówó tí ń jẹ́ Scrooge. Akọ̀wé rẹ̀ ń gbọ̀n nínú òtútù, nítorí pé ẹ̀yinná díẹ̀ ni ọ̀gá ń jẹ́ kí ó lò. Ní alẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Kérésìmesì, òkú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò wá bá a pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lára. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀mí mẹ́ta fi ayé rẹ̀ hàn án: ti àná, ti òní àti ti ọ̀la. Nínú ti ọ̀la ni ó ti rí i pé nígbà tí òun kú, ńṣe ni wọ́n ń ta aṣọ òun. Èmi náà jẹ́ akọ̀wé. Bàbá Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jókòó níwájú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: It's a Wonderful Life, tí Frank Capra darí, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá 1946. Inú ooru ni wọ́n ti ya á. Èyí tí ẹ ó rí bí yìnyín, ọṣẹ àti èlò ìpaná wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ó jáde, kò pa owó tí wọ́n ná lé e. Ní 1974, àwọn tí ó ni í kò tún ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe, ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn bá ń fi í hàn lófẹ̀ẹ́ ní Kérésìmesì, títí ó fi di ààyò àwọn ènìyàn.

James Stewart ni ó ṣe George Bailey. Bàbá rẹ̀ fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún un tí ó dà bí alájẹṣẹ́kù: àwọn tálákà ń kó owó jọ, wọ́n sì ń fi yá ara wọn kọ́lé. Potter, olówó ìlú, ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà túká. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó George, ẹ̀rù ba ìlú, gbogbo wọn rọ́ wá gba owó wọn. George ṣàlàyé fún wọn pé owó kò sí nínú àpótí, inú ilé àwọn aládùúgbò wọn ni ó wà. Ó mú 2,000 dọ́là tí òun àti ìyàwó fẹ́ fi rìnrìn àjò, ó ń pín in. Ọkùnrin kan ní àfi kí òun gba gbogbo 242 dọ́là òun. Obìnrin kan béèrè 17.50 péré. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, dọ́là méjì ni ó kù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò kú.

Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, 8,000 dọ́là ẹgbẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò bàbá George, ó bọ́ sọ́wọ́ Potter, Potter sì dákẹ́. George lọ sórí afárá láti pa ara rẹ̀. Áńgẹ́lì kan fi hàn án bí ìlú ìbá ti rí bí a kò bá bí i: àbúrò rẹ̀ tí ó fà yọ nínú omi dídì ìbá ti kú, ìlú ìbá sì di ti Potter. Ó bẹ̀bẹ̀ láti padà. Lẹ́yìn tí ó délé, ará ìlú wá ń da owó sórí tábìlì. Ẹ kíyè sí i: Potter kò dá kọ́bọ̀ padà. Ènìyàn ni ó dí àlàfo náà.

Ẹ lè bi mí pé kí ni mo tún ń wò nínú ohun tí mo ti mọ òpin rẹ̀. Sinimá kì í yí padà, àwa ni à ń yí padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, áńgẹ́lì ni mo ń wò. Lẹ́yìn tí iná jó ọjà Sábọ̀n Gàrí ní Kánò ní 2016, George ni mo ń wò, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti di akọ̀wé yín, obìnrin 17.50 yẹn ni mo ń wò.

Ẹ̀yin ará, àbá wà níwájú ìpàdé yìí pé kí a pín gbogbo àpò ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù lè rí owó ṣọdún. N kò bú ẹni tí ó mú un wá. Ọjà kò tà, ọmọ sì fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ mi. Púpọ̀ nínú owó yín kò sí lọ́dọ̀ Akápò. Ó wà lórí àtẹ opó kan tí ó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó wà nínú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Ó wà lára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń san díẹ̀díẹ̀. Bí a ó bá pín in, ọwọ́ wọn ni a ó ti já a gbà, nínú oṣù Kejìlá yìí.

Àbá tèmi ni pé kí ẹni tí ara ń ni gba ìwọ̀n tí yóò gbé e kọjá ọdún, kí ìyókù dúró. Níbi tí a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, ènìyàn laṣọ wa.

Alẹ́ ọjọ́ 24 ni a ó wo ti George Bailey. Ọjọ́ 25 ni ti Scrooge. Ọjọ́ 26 ni ti Bàbá Kérésì. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa túmọ̀ fún àwọn ìyá wa. Kí olúkúlùkù mú àga rẹ̀ àti aṣọ òtútù dání.